Àkàyé àti Ìrònú: Ìtàn Ìbéèrè Kan láti Ọdún 1917

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ Yorùbá ni ó gbà pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni àkàyé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ sì ni ìrònú. Ti àkọ́kọ́, a ní iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni. Èkejì, a fà á lé olùkọ́ ìṣirò lọ́wọ́. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àkàyé tì, a ó ní ọ̀rọ̀ ni kò mọ̀ tó. Ìtàn bí irú ìbéèrè yìí ṣe wọ inú ìdánwò ìgbàwọlé kò gbè wá lẹ́yìn lórí èyí rárá.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1914, Frederick J. Kelly ṣe ìwádìí lórí bí máàkì àwọn olùkọ́ kì í ti í bára mu. Iṣẹ́ kan náà tí olùkọ́ yìí yìn, olùkọ́ mìíràn lè kà á sí èyí tó kùnà. Láti wo àìsàn yìí ni ó fi ṣe ìdánwò kíkà-sínú tí a fi orúkọ ìpínlẹ̀ Kansas pè, ní nǹkan bí ọdún 1915. Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ to orúkọ ẹranko mẹ́rin sílẹ̀: màlúù, ẹkùn, eku àti ìkookò, ó ní kí ọmọ fa ìlà yí èyí tó bá wúlò lóko ká. Ẹnikẹ́ni tí ìbáà máàkì rẹ̀, máàkì kan náà ni yóò fún un. Èrè ńlá nìyí fún olùyẹ̀wéwò, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti mọ màlúù ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kó tó ronú rárá. Ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ni a fi dán an wò.

Ní 1917 ni Edward L. Thorndike, olùkọ́ ní Teachers College, Fásitì Columbia, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí àkọlé rẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ìrònú ni kíkà. Ìpínrọ̀ kúkúrú kan ni wọ́n fún àwọn ọmọ iléèwé kà. Ó sọ nípa òfin ibì kan tí ń jẹ́ Franklin: ọmọ ọdún 7 sí 14 gbọ́dọ̀ wá sí iléèwé ní gbogbo ọjọ́ ẹ̀kọ́, àfi bí àìsàn bá ń ṣe é débi tí kò fi lè wá, tàbí bí ẹnìkan nínú ilé wọn bá ní àrùn tó ń ràn, tàbí bí ọ̀nà kò bá ṣeé gbà. Wọ́n wá béèrè pé ọjọ́ wo ni a kò ní retí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 ní iléèwé.

Kò sí ọ̀rọ̀ líle kan níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ṣìnà. A rí èyí tó dáhùn pé ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Thorndike ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ kan lè gba agbára ju bó ti yẹ lọ lọ́kàn òǹkàwé, kí òmíràn má sì rí tirẹ̀ gbà tó. ‘Ọmọ ọdún 10’ ti gbé ọmọ náà lọ. ‘Àfi bí’ kò sì rí ẹni gbọ́ tirẹ̀. Ó fi kíka ìpínrọ̀ wé ṣíṣe ìṣirò: a ó ṣa ohun tó yẹ, a ó gbé e sí ipò rẹ̀, a ó sì fún un ní ìwọ̀n tó tọ́ sí i. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú àṣìṣe yìí? Nínú èdè wa pẹ̀lú, àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké bí ‘àfi’, ‘bí’, ‘tàbí’ àti ‘kò’ ni ó máa ń gbé ìtumọ̀ àyọkà dání, àwọn sì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń fò.

Àwọn tó ṣètò ìdánwò ńlá kò tẹ̀lé Thorndike tààrà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1926, àwọn 8,040 jókòó ṣe SAT àkọ́kọ́, èyí tí ìgbìmọ̀ Carl Brigham ṣètò: ìbéèrè 315 ní ìṣẹ́jú 97. Apá mẹ́sàn-án ni ó ní. Wọ́n ya apá ìrònú sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ti kíka ìpínrọ̀ sọ́tọ̀. Ìbéèrè kan kò rí ìdajì ìṣẹ́jú gbà. Lójú tèmi, ìyàsọ́tọ̀ yìí kan náà ni àwa náà jogún, àní lábẹ́ WAEC tí a dá sílẹ̀ ní 1952 àti JAMB ti 1978. Ẹ sì wo LSAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ òfin, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n ti yọ àwọn àlọ́ ìtò-nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ìbéèrè ìrònú tó ṣẹ́kù níbẹ̀, àyọkà kúkúrú ni a ń kà ká tó dáhùn wọn.

Fún àwa tí a ń ṣe ìbéèrè, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ bo àyọkà. Bí ọmọ bá ṣì lè dáhùn, kí a da ìbéèrè náà nù. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà náà fẹ́ iṣẹ́. Fún ti Franklin, n ó kọ ọ́ báyìí: (a) ọjọ́ ìbí rẹ̀, (b) ọjọ́ tí orí ń fọ́ ọ díẹ̀, (d) ọjọ́ tí ikọ́ ife ń ṣe àbúrò rẹ̀ nílé, (e) ọjọ́ tí òjò ṣú. Ẹni tó mú (e) kò bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀nà ṣeé gbà. Ẹni tó mú (b) rí ‘àìsàn’, ṣùgbọ́n kò ka ‘débi tí’.