Kẹ̀kẹ́ Ológeere, Ìda àti Ohùn: Iṣẹ́ Àwọn Akójọ-Ìtàn ní Ilẹ̀ Áyálándì, 1935 sí 1951

Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìtàn tí ó ń lo ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn láti ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti di kíkọ sínú ìwé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lẹ́nu ẹni tí ó sọ ọ́ títí tí ó fi dé orí tákàdá, àti ohun tí ó já bọ́ lójú ọ̀nà, kì í sábà jẹ wọ́n lógún. Iṣẹ́ tí Ìgbìmọ̀ Ìtàn Àtẹnudẹ́nu ti Áyálándì ṣe dára láti fi yẹ ọ̀ràn yìí wò, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ ohun tí wọ́n gbọ́ nìkan. Wọ́n tún ń kọ ìròyìn ojoojúmọ́ nípa ọ̀nà tí wọ́n rìn, ilé tí wọ́n wọ̀, àti ẹni tí ó gbà wọ́n tàbí tí kò gbà wọ́n.

Ìyàn Ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1845 ṣe èdè Gaelic ti ilẹ̀ náà léṣe gidigidi. Bíi mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó kú, bíi mílíọ̀nù kan mìíràn sì ṣí lọ sí òkè òkun. Apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí èdè náà ti fìdí múlẹ̀ jù, ni ìyà náà ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ wọn, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọjà, òun náà sì ni èdè ibi tí àwọn ọmọ náà yóò lọ wá iṣẹ́ sí. Nígbà tí Áyálándì fi gba ìjọba ara rẹ̀ ní 1922, àwọn tí ó lè pa àlọ́ gígùn ní Gaelic ti di arúgbó. Ní 1935 ni ìjọba dá Ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n sì fi Séamus Ó Duilearga ṣe olùdarí rẹ̀.

Àwọn akójọ-ìtàn tí ó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún kò pọ̀. A yàn wọ́n nítorí pé wọ́n gbọ́ èdè, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ agbègbè tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: Seán Ó hEochaidh ní Donegal, Seosamh Ó Dálaigh ní Kerry. Ẹ̀rọ tí a fún wọn ni Ediphone, èyí tí ilé iṣẹ́ Edison ṣe fún àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì láti máa pe lẹ́tà sí kí akọ̀wé lè wá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ní láti fi ẹnu sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀rọ náà. Abẹ́rẹ́ yóò sì máa fi ohùn rẹ̀ họ ara sílíńdà ìda tí ó ń yí. Ẹ̀rọ náà wúwo. Ọ̀nà orí òkè àti etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Áyálándì kì í sì í ṣe ọ̀nà tí a ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí ó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ni akójọ-ìtàn gùn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Akójọ-ìtàn yóò padà sílé, yóò fi etí sí sílíńdà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ bí agbègbè náà ṣe ń pè é gan-an. Bí ó bá ti kọ ọ́ tán, a óò fá ojú ìda náà kí ó tún dán, kí a lè gba ohùn ẹlòmíràn sí i. Díẹ̀ ni a pa mọ́. Ohùn púpọ̀ nínú àwọn arúgbó tí ó jókòó síwájú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó ti parẹ́ báyìí, tí ìwé nìkan sì dúró fún wọn.

Ó rọrùn fún ẹni òní láti dá wọn lẹ́bi. Ìda ń ná owó, owó Ìgbìmọ̀ náà kò sì tó nǹkan. Lójú Ó Duilearga, ọ̀rọ̀ ìtàn gan-an ni ohun tí wọ́n ń wá. Irinṣẹ́ lásán ni ẹ̀rọ, bí àgbá tí a fi ń gbé omi wálé. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tọ́jú gbogbo sílíńdà, àwọn tí wọn ìbá gba ohùn wọn ìbá kéré jọjọ, nígbà tí ikú kò dúró de ẹnikẹ́ni. Éamon a Búrc, aránṣọ kan ní agbègbè Carna, tí Liam Mac Coisdeala gba ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ tí ó gùn jù lọ ní Áyálándì lẹ́nu rẹ̀ ní 1938, kú ní 1942. Síbẹ̀ àwíjàre yìí kò parí ẹjọ́. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìjálá lẹ́nu ọdẹ, tí ó sì tún rí i nínú ìwé, kò nílò àlàyé nípa irú àdánù tí ó wà níbẹ̀. Ìwé Ìgbìmọ̀ náà sọ ohun tí a Búrc wí fún wa. Kò sọ ibi tí ó ti sáré, ibi tí ó ti fà á, àti ibi tí ó ti dákẹ́ kí àwọn olùgbọ́ lè rẹ́rìn-ín.

Ti orin tún le ju ti àlọ́ lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó lè kọ ọ̀rọ̀ ni ó lè kọ ohùn orin. Ní 1942 ni Ìgbìmọ̀ náà rí ẹni tí iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Séamus Ennis, tí a bí ní 1919 nítòsí Dublin, jẹ́ ọmọ afunfèrè, òun náà sì ń fun fèrè aláwọ tí a ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé Three Candles ti Colm Ó Lochlainn, níbi tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi àmì kọ orin. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí tákàdá ṣọ̀wọ́n, iṣẹ́ sì dínkù níbẹ̀. Ó Lochlainn ni ó fà á lé Ó Duilearga lọ́wọ́. Kálàmù, ìwé àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fún un, pẹ̀lú owó pọ́n-ùn mẹ́ta lọ́sẹ̀. Epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n ní ìgbà ogun, nítorí náà kì í ṣe ìfẹ́ eré ìdárayá ni ó gbé e gun kẹ̀kẹ́.

Láti 1942 títí di 1946 ni ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Galway, Donegal, Cork àti àwọn agbègbè mìíràn. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni etí rẹ̀. Ó mọ ẹ̀ka èdè agbègbè kọ̀ọ̀kan dé ibi pé ó lè fi ohùn ará Donegal bá ará Donegal sọ̀rọ̀, kí ó sì fi ti Connemara bá ará Connemara sọ̀rọ̀. Ní Glinsk ni ó ti pàdé Colm Ó Caodháin, àgbẹ̀ àti apẹja, ẹni tí ó gba 212 orin àti ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Irú iye bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbà ní ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìpadàbọ̀ lemọ́lemọ́ ni ó mú un wá, àti ọ̀rẹ́ tí ó ti inú rẹ̀ jáde. Bóyá kẹ̀kẹ́ náà ràn án lọ́wọ́ ju bí Ìgbìmọ̀ ti rò lọ: ẹni tí òjò pa dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni kò jọ òṣìṣẹ́ ìjọba, kò sì lè yára lọ.

Ní 1947 ó bọ́ sí Radio Éireann, tí ó ní ọkọ̀ tí a kó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sínú rẹ̀. Ní 1951 ó lọ sí BBC. Ìgbìmọ̀ náà pẹ̀lú ti ń lo ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn sí orí àwo. Òun ni Kevin Danaher gbé lọ sí erékùṣù Man ní 1948, nígbà tí ìwọ̀nba àwọn tí a fi èdè Manx tọ́ dàgbà kù díẹ̀. Ned Maddrell, ẹni ìkẹyìn nínú wọn, kú ní 1974. A kò fá àwọn àwo wọ̀nyẹn. Ohùn náà ṣì wà.

Elizabeth Cronin ti Cork, tí a bí ní 1879, wà ní ojú ààlà ìgbà méjèèjì. Ennis fi kálàmù kọ orin lẹ́nu rẹ̀ fún Ìgbìmọ̀. Ní 1951 ó mú Alan Lomax, ará Amẹ́ríkà, dé ilé rẹ̀, Lomax sì gba ohùn rẹ̀ sórí téèpù. Ó kú ní 1956. Nípa báyìí, ẹ̀rí méjì ni ó wà fún ẹnu kan, láti ọwọ́ àwọn tí ó jọ wọ ilé kan náà, ó sì ṣeé ṣe láti gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ní ìlà dé ìlà, kí a rí ohun tí kálàmù Ennis gbé àti ohun tí ó fi sílẹ̀.