Ojú irin, iṣẹ́ ipá àti ìlera òṣìṣẹ́: ẹ̀kọ́ fún àwa tí a ń gba ènìyàn síṣẹ́



Yorùbá kì í rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó kọjá láìkí i. Àwọn baba wa mọ̀ pé bí ara òṣìṣẹ́ ṣe ń fẹ́ ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn rẹ̀. Ìtàn tí mo mú wá lónìí fi hàn pé agbanisíṣẹ́ tó bá gbàgbé èyí, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ló ń bàjẹ́.

Kí Òyìnbó tó dé, ẹni tí iṣẹ́ oko bá pọ̀ fún á bẹ àwọn ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Òun ló ń gbọ́ oúnjẹ, òun ló ń wá omi àti ẹmu. Bí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó, tàbí tó bá ń jágbe mọ́ àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ òun nìkan ni yóò kọ ebè rẹ̀.

Nígbà tí Faransé gba Dàhọ̀mì, iṣẹ́ di ọ̀ràn ipá. Gbogbo ọkùnrin tó ti dàgbà gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mélòó kan lọ́dún ṣiṣẹ́ láìgbowó. Prestation ni wọ́n ń pè é. Òfin indigénat sì fún ọ̀gá Òyìnbó láṣẹ láti ju ènìyàn sẹ́wọ̀n láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Wọ́n ń kó ènìyàn láti ru ẹrù àti láti la ọ̀nà, wọ́n sì ń gba ọ̀dọ̀ àwọn olóyè wá òṣìṣẹ́ ojú irin. Ojú irin tó ti Kútọnu wá ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ níbí kí ogun 1914 tó bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ó dé Parakú. Kìlómítà 438 ni gbogbo rẹ̀.

Kí ni àwọn ènìyàn wa ṣe? Ọ̀pọ̀ sá. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀ oòrùn lábẹ́ ìjọba Òyìnbó, ṣàlàyé bí àwọn ará Kétu àti àwọn ará ààlà mìíràn ṣe ń kọjá sí Nàìjíríà nítorí owó orí, iṣẹ́ ipá àti kíkó ọmọ wọn lọ sógun. Ẹ wò ó: ìjọba tó ń wá òṣìṣẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lọ.

Ní Kóńgò, ó burú ju tiwa lọ. Láàárín 1921 sí 1934 ni Faransé ṣe ojú irin Congo-Océan, láti Brazzaville dé Pointe-Noire, nǹkan bí kìlómítà 510. Ó kéré tán, ènìyàn 17,000 ló kú níbẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, sí oúnjẹ tí ara wọn kò mọ̀, sínú òtútù òkè Mayombe, láàárín ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Akọ̀ròyìn Albert Londres kọ ọ́ sínú Terre d'ébène ní 1929. Ìgbà tí wọ́n tún oúnjẹ, ibùsùn àti ìtọ́jú dókítà ṣe ni ikú tó dínkù. Òkè kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni. Ìtọ́jú ló yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin 1946, òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé lọ sílé aṣòfin Faransé fi òpin sí iṣẹ́ ipá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì náà kò parí títí di ọjọ́ 19 oṣù kẹta 1948. Àwọn ti Dàhọ̀mì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ìlànà kan náà wà fún òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun, kí owó ìtọ́jú ẹbí sì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ka Les Bouts de bois de Dieu ti Sembène Ousmane níléèwé á rántí. Lẹ́yìn náà, òfin iṣẹ́ ti ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1952 fún wa ní wákàtí 40 lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko, àti ìsinmi tí a ń sanwó rẹ̀. Ó tún sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣètò ìtọ́jú ìlera fún òṣìṣẹ́.

Lónìí, òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ ti 1998 ṣì dáàbò bo ìlera òṣìṣẹ́. CNSS sì wà fún ẹni tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní Boni kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Aránṣọ tó ní ọmọ iṣẹ́ ni, ìyá oníṣòwò tó gba ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ẹni tó pe alágbàṣe sí oko kajú ni. Àwa ni.

Èmi náà ti rí i rí. Ní iléèwé aládàáni kan tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́ta kọjá tí a kò rí owó oṣù. N kò ṣàìsàn, ara mi le. Ṣùgbọ́n mo máa ń dúró níwájú pátákó, ọkàn mi á ti lọ sọ́dọ̀ oníyàrá tó ń bèèrè owó ilé. Àwọn ọmọ ló jìyà rẹ̀, orúkọ iléèwé náà sì bàjẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí alágbàṣe yín sinmi nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹni tó ń jó irin, ẹ ra ohun ìbojú fún un. Ẹ san owó lọ́jọ́ tí ẹ dá. Bí ọmọ iṣẹ́ bá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó bínú sí i.

Ẹ̀yin tó wà ní ìhà Nàìjíríà, bí baba ńlá yín bá wà lára àwọn tó sá fún iṣẹ́ ipá, ẹ sọ ọ́ fún wa níbí, kí àwọn ọmọ wa lè kà á. Kí "ẹ kú iṣẹ́" wa má sì jẹ́ ti ẹnu nìkan.