Nígbà tí eré àwàdà bá já wa kulẹ̀: ìtàn kan láti Amẹ́ríkà dé Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gbogbo ìgbà tí eré àwàdà tuntun bá jáde lórí tẹlifíṣàn níbí, tí wọ́n sì fi ọmọ Nàìjíríà sínú rẹ̀, ìjà kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Àwọn kan á ní, "Irú ohùn wo wá nìyí? Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn nílé wa?" Àwọn kan á dáhùn pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, àwàdà ni. Ṣebí wọ́n kúkú ti rántí wa." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọ̀rẹ́ méjì ò ní kí ara wọn mọ́.

Ìjà yìí ti wà kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó le jù nínú ìtàn rẹ̀ fún yín. Ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí a wà yìí, ṣùgbọ́n ó kan Ìbàdàn náà, bí ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1928, òyìnbó méjì, Freeman Gosden àti Charles Correll, bẹ̀rẹ̀ eré kan lórí rédíò ní Chicago. Orúkọ rẹ̀ ni Amos 'n' Andy. Ìtàn adúláwọ̀ méjì ni, tí wọ́n kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí ìlú ńlá láti wá oúnjẹ òòjọ́. Àwọn arìnrìn-àjò bíi tiwa, ẹ ò rí i? Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó méjèèjì yìí ló ń fi ẹnu ara wọn ṣe adúláwọ̀. Wọ́n á ṣi ọ̀rọ̀ pè, wọ́n á da gírámà rú, èrò á sì máa rẹ́rìn-ín. Eré náà gbajúmọ̀ débi pé àwọn ilé sinimá máa ń dá fíìmù dúró tí àkókò rẹ̀ bá tó, wọ́n á tan rédíò fún àwọn òǹwòran kí wọ́n má baà jókòó sílé.

Láti ìgbà náà ni àwọn adúláwọ̀ ti pín sí méjì. Ní 1931, ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, tí Robert Vann ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ àwọn èèyàn jọ. Mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè fi lé eré náà kúrò lórí rédíò. Ní ọdún kan náà, Chicago Defender, tí òun náà jẹ́ ìwé ìròyìn adúláwọ̀, pe Gosden àti Correll gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì síbi àríyá tó máa ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Ọdún kan ṣoṣo, ìwé ìròyìn adúláwọ̀ méjì, èrò méjì tí kò jọra rárá. Torí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé láyé àtijọ́ ohùn àwọn dúdú ṣọ̀kan, ẹ bi í pé ọdún wo nìyẹn.

Nígbà tó di 1948, iléeṣẹ́ CBS ra eré náà ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sórí tẹlifíṣàn. Wàhálà wá dé. Lórí rédíò, ta ló máa rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀? Tẹlifíṣàn ò bo ojú ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ni wọ́n bá wá òṣèré adúláwọ̀ kiri. Alvin Childress ló ṣe Amos, Spencer Williams ṣe Andy, Tim Moore sì ṣe Kingfish, ọ̀gá ẹgbẹ́ tí kì í níṣẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ tí kì í ṣaláìní ọgbọ́n tó máa fi gba owó lọ́wọ́ Andy.

Ẹ má rò pé ọmọ àná làwọn òṣèré yìí o. Spencer Williams ló kọ The Blood of Jesus, tó sì darí rẹ̀, fíìmù tó jáde ní 1941. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan, Gosden fẹ́ kọ́ ọ bí adúláwọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Williams dá a lóhùn pé ó yẹ kí òun mọ̀ ọ́n, ó ṣe tán, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun lòun ti ń ṣe adúláwọ̀ bọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún rí pé kí ẹ fi "ohùn Áfíríkà" kún un díẹ̀ sí i, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1951, eré náà jáde lórí CBS, iléeṣẹ́ ọtí bíà Blatz ló sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an, ẹgbẹ́ NAACP, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, ń ṣe ìpàdé àpapọ̀ wọn ní Atlanta. Inú bí wọn, wọ́n sì sọ ọ́ síta. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó wà nínú eré náà, bí kò bá jẹ́ ọ̀dẹ̀, gbájú-ẹ̀ ni. Dókítà inú rẹ̀, ayédèrú. Lọ́yà inú rẹ̀, ojo tí kò mọ òfin. Obìnrin inú rẹ̀, aláriwo. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú wọn. Sapphire lorúkọ ìyàwó Kingfish, ẹni tó máa ń bá a jà torí ọ̀lẹ rẹ̀. Títí dòní, àwọn onímọ̀ ṣì ń lo orúkọ yẹn fún àwòrán obìnrin dúdú oníjà tí àwọn èèyàn ti gbìn sọ́kàn. Orúkọ inú àwàdà ti di orúkọ ẹ̀gàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wọ̀ mí lára jù nínú ohun tí NAACP sọ ni èyí: wọ́n ní àìmọye òyìnbó ló máa wo eré yìí, tí wọ́n á sì gbà pé bí gbogbo adúláwọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì bá adúláwọ̀ jẹun pọ̀ rí. Wọn ò mọ dókítà dúdú kankan, wọn ò mọ lọ́yà dúdú kankan. Ohun tí wọ́n bá rí nínú àpótí yẹn, òun náà ni wọ́n máa gbé lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Kì í ṣe gbogbo adúláwọ̀ ló fara mọ́ NAACP o. Ọ̀pọ̀ ìdílé dúdú jókòó sílé, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín dọ́ba, torí pé Tim Moore mọ àwàdà ṣe, kò sí iyèméjì. Àwọn òṣèré náà ní tiwọn láti sọ: iṣẹ́ rèé, owó rèé, ta ló tún fẹ́ gbà wá? Childress sọ lẹ́yìn náà pé òun ò rò pé eré náà ba adúláwọ̀ jẹ́, pé ó tiẹ̀ fi adúláwọ̀ hàn ní ipò lọ́yà àti onísọ́ọ̀bù, ohun tí wọn kì í sábà rí lórí tẹlifíṣàn ìgbà yẹn.

Ní 1953, Blatz yọwọ́, CBS sì dá eré náà dúró lẹ́yìn sáà méjì. Àmọ́ kò kú. Apá 78 ló wà nílẹ̀, CBS sì ń tà á fún iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn káàkiri fún àtúnwò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé ilé wa.

Ní 1963, CBS kéde pé àwọn ti ta Amos 'n' Andy fún ibi méjì ní Áfíríkà: Kẹ́ńyà àti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwa. Kò pẹ́ tí aṣojú ìjọba Kẹ́ńyà kan fi sọ pé wọn ò ní jẹ́ kí eré náà jáde nílẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ nígbà náà. WNTV ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, lásìkò Awólọ́wọ̀, inú wa sì ń dùn pé àwa la kọ́kọ́ ní tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà. Àmọ́ ẹni tó bá ra àpótí gbọ́dọ̀ wá nǹkan kó sínú rẹ̀. Fíìmù òyìnbó ló wà nílẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, òun náà ló sì rọrùn láti rà. Ẹ tún wo ohun mìíràn: ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà fòfin de Hubert Ògúndé nítorí Yorùbá Ronú. Eré tí ọmọ wa kọ nípa ara wa kò gba ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Amos 'n' Andy wà nínú ohun tí CBS ní àwọn tà fún wa lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí àwa náà ní Bàbá Sàlá?" Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, òun gan-an ló jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí. Moses Ọláìyá àti àwọn Aláwàdà rẹ̀ dé orí WNTV láàárín ọdún 1960 sí 1969 yẹn náà. Ẹ wo Bàbá Sàlá dáadáa: táì labalábá ràgàjì, agogo ńlá lára, ahun paraku, ọlọ́gbọ́n àrékérekè tí ọgbọ́n rẹ̀ máa ń padà wá lu òun fúnra rẹ̀. Kí ló wá fi yàtọ̀ sí Kingfish? Nínú ìwà, kò pọ̀. Àwọn méjèèjì, àti Ìjàpá tí àwọn ìyá wa fi ń pàlọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ìyàtọ̀ wọn wà níta eré. Kò sí ẹni tó wo Bàbá Sàlá ní Ìbàdàn tó rò pé bí gbogbo Yorùbá ṣe rí nìyẹn. Báwo ni yóò ṣe rò bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá pa tẹlifíṣàn máa bọ́ síta, á sì bá adájọ́, tíṣà, alájàpá, ọba àti dókítà pàdé. Ní 1963 gan-an, ọdún tí CBS ṣe ìkéde yẹn, ni Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Ṣàngó wà lórí ìtàgé, Ògúndé ń yí ìlú ká, aláwàdà sì wà láàárín wọn. Bàbá Sàlá ní àwọn aládùúgbò. Kingfish ò ní. Igi kan ò lè dágbó ṣe, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ọdún 1951, igi kan yẹn ni wọ́n pè ní igbó.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé àwọn NAACP ò mọ àwàdà. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń bínú sí ni pé àwàdà nìkan ni wọ́n fún wọn, àwọn òyìnbó ló sì ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo dé ìdí. Ní 1966, CBS kó eré náà kúrò lórí àtẹ pátápátá. NAACP ti borí. Kí ló wá rọ́pò rẹ̀? Láti ìgbà tí Amos 'n' Andy àti Beulah, tí òun jẹ́ ìtàn obìnrin dúdú tó ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ ilé, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1953, ó di 1968 kí adúláwọ̀ tó tún ní eré àwàdà tirẹ̀ lórí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ńlá, nígbà tí Diahann Carroll ṣe Julia lórí NBC. Ọdún 15! Àwọn iléeṣẹ́ ò sọ pé, "Ẹ má bínú, a ó wá òǹkọ̀wé dúdú tó máa kọ èyí tó sàn." Wọ́n kàn palẹ̀ mọ́ ni. Childress, ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ ojú rẹ̀, dé ibi tó ń bá èèyàn páàkì mọ́tò ní òtẹ́ẹ̀lì.

CBS yìí kan náà ló gbé Bob Hearts Abishola jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019: nọ́ọ̀sì Yorùbá kan ní Detroit, Fọlákẹ́ Olówófóyekù ló ṣe é, wọ́n sì ń sọ Yorùbá nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi díẹ̀ hàn wá, ẹ rántí bí àwọn kan nínú wa ṣe bínú. Ìmọ̀ràn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí Gina Yashere wá máa gbà wọ́n, kó tó di ọ̀kan lára àwọn tó dá eré náà sílẹ̀, tó ń kọ ọ́, tó sì ń ṣe nínú rẹ̀. Eré náà pé sáà márùn-ún. Ẹ lè fẹ́ràn rẹ̀, ẹ lè má fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà jókòó níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé. Ní 1951, òyìnbó ló ń kọ́ Spencer Williams bí yóò ṣe sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán fún wa. Àwọn ọmọ tí a ń bí síbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì tẹ ilẹ̀ Ìbàdàn rí. Tẹlifíṣàn wà lára ohun tó ń sọ fún wọn irú èèyàn tí ìyá wọn àgbà jẹ́, òun náà ló sì ń sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì.

Nítorí náà, bí eré tuntun bá tún já wa kulẹ̀, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wa, ẹ jẹ́ ká bèèrè: ta ló kọ ọ́? Ta lowó ń wọ àpò rẹ̀? Kí ló tún wà nípa wa lórí tẹlifíṣàn yẹn yàtọ̀ sí èyí? Bí ìdáhùn ìkẹta bá jẹ́ "kò sí," kí a má kàn kọ̀wé pé kí wọ́n mú un kúrò. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé kí wọ́n fi méjì, mẹ́ta tiwa kún un, kí a sì dárúkọ àwọn ọmọ wa tó lè kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n pọ̀, díẹ̀ nínú wọn ń ka èyí lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wo WNTV láyé ìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ohun tí ẹ rántí nísàlẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, èwo ló já yín kulẹ̀ jù, kí sì ni ẹ ì bá fẹ́ rí nípò rẹ̀?