Ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń wọkọ̀: Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá kí ìdíje ńlá tó bẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ 4, oṣù karùn-ún, ọdún 2002, Super Eagles ilẹ̀ wa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Kenya nílùú Èkó, wọ́n sì fi góòlù 3 sí òdo na àwọn àlejò wọn. Wọ́n ń gbára dì fún ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé tó fẹ́ẹ́ wáyé ní Jàpáánù àti Kòríà ni. Láti Ìgànmú títí dé Surulere, níbi tí pápá ìṣeré ńlá ìjọba àpapọ̀ ti wà láti ọdún 1972, kò sí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ pé Amodu Shuaibu ló gba tíkẹ́ẹ̀tì ìdíje náà. Ṣùgbọ́n Olóyè Adégbóyè Onígbìndé ló ń darí ikọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ní kí Amodu máa lọ sílé láti oṣù kejì.

Ìbànújẹ́ ni ọjọ́ yẹn tilẹ̀ jẹ́ fún gbogbo ìlú, nítorí pé ọjọ́ náà gan-an ni bàálù tó gbé mínísítà fún eré ìdárayá, Ishaya Mark Aku, já lulẹ̀ ní Kano nígbà tó ń bọ̀ wá wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ní Èkó.

Kí ọ̀rọ̀ Amodu lè yé òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Lọ́dún 2001, ọmọ ilẹ̀ Netherlands nì, Jo Bonfrere, ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà Òlíńpíìkì fún wa ní Atlanta lọ́dún 1996, ló ń darí Super Eagles. Nígbà tí Sierra Leone na ikọ̀ náà, wọ́n lé Bonfrere. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù, ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti kúrò níbẹ̀. Amodu gba iṣẹ́ náà, ó na Liberia, ó na Sudan, ó sì fi góòlù 3 sí òdo na Gánà ní Port Harcourt. Bí Nàìjíríà ṣe rí ọ̀nà lọ nìyẹn.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2002, ó kó wọn lọ sí Mali fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Senegal fi góòlù 2 sí 1 yọ wọ́n ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, lẹ́yìn àfikún àkókò, wọ́n sì ṣe ipò kẹta. Ipò kẹta yìí ni wọ́n pè ní ẹ̀ṣẹ̀. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nígbà náà, NFA, tú ìgbìmọ̀ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ká, wọ́n lé Amodu àti igbákejì rẹ̀, Stephen Keshi. Onígbìndé, ẹni tó gbé Nàìjíríà dé àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1984, ló gba ipò náà nígbà tí ìdíje ku oṣù díẹ̀. Ó yọ Sunday Oliseh àti Finidi George kúrò nínú ikọ̀, ó sì mú àwọn ọ̀dọ́ wọlé, lára wọn ni Vincent Enyeama. Ajẹntínà na wọ́n ní 1 sí òdo, Swídìn na wọ́n ní 2 sí 1, wọ́n sì gbá òdo sí òdo pẹ̀lú England. Ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti padà sílé.

Ẹni bá rò pé ẹ̀kọ́ ti wà nínú ìyẹn kò tíì gbọ́ ti ọdún 2010. Amodu kan náà ni wọ́n padà lọ bẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ó na Kenya ní 3 sí 2 ní Nairobi, Mozambique sì bá a na Tunisia lọ́jọ́ kan náà, ni tíkẹ́ẹ̀tì South Africa bá tún bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Angola fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, ó tún ṣe ipò kẹta, wọ́n tún lé e. Lars Lagerbäck, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló gba iṣẹ́. Ajẹntínà àti Greece na wọ́n, wọ́n sì gbá ọ̀mì 2 sí 2 pẹ̀lú South Korea. Ìpele àkọ́kọ́ náà ni.

Ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé mẹ́fà ni àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa ti lọ. Nínú mẹ́ta, ìyẹn ti 1998, 2002 àti 2010, ẹni tó gba tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló kó wọn lọ. Lọ́dún 1998, Philippe Troussier ló gbà á, Bora Milutinović ló sì lọ sí Faransé. Ìlàjì gééré nìyẹn, a kò sì lè pe irú rẹ̀ ní èèṣì mọ́. Lóṣù kejìlá ọdún 2021 pàápàá, Gernot Rohr ni wọ́n lé nígbà tí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà kò ju oṣù kan lọ mọ́, Augustine Eguavoen sì gbà á fún ìgbà díẹ̀. FIFA padà pàṣẹ pé kí NFF san owó tó lé ní 370,000 dọ́là fún Rohr.

Tógò tí kò jìnnà sí wa náà ṣe é. Keshi, ẹni tí wọ́n lé pẹ̀lú Amodu, ló gbé wọn dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Egypt ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, tí òun àti Emmanuel Adebayor kò sì gbọ́ ara wọn yé, Otto Pfister ni wọ́n gbé e fún. Pfister fúnra rẹ̀ bínú fi ikọ̀ sílẹ̀ ní Jámánì nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ ku ọjọ́ díẹ̀, nítorí owó àjẹmọ́nú àwọn agbábọ́ọ̀lù, kó tó padà wá. Keshi ní tirẹ̀ padà rí ohun tí wọ́n fi dù ú: ó kó Super Eagles lọ sí Brazil lọ́dún 2014, wọ́n sì dé ìpele kejì.

Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì rẹ̀ ni. Ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá ló ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun ló ń sá lọ. Ẹ má ṣe rò pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni mò ń wí o. Bọ́ọ̀lù wọn tí wọ́n máa ń gbé sáyà sáré ni, èyí tí àwọn yunifásítì ń fi ń pa owó gọbọi. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekára wọn, tí wọ́n ń pè ní bowl, máa ń bọ́ sí òpin oṣù kejìlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Ṣùgbọ́n àkókò náà gan-an ni yunifásítì mìíràn ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, nítorí pé láti ọdún 2017 ni àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ti ń buwọ́ lùwé lóṣù kejìlá. Yunifásítì tí kò bá ní ọ̀gá nígbà náà yóò pàdánù wọn.

Ní òpin oṣù kọkànlá ọdún 2021, Brian Kelly fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí LSU, bẹ́ẹ̀ Notre Dame ti borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 nínú 12. Marcus Freeman, ẹni tó jẹ́ igbákejì, ló darí Fiesta Bowl, Oklahoma State sì na wọ́n ní 37 sí 35. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Lincoln Riley fi Oklahoma sílẹ̀ lọ sí USC; Bob Stoops tó ti fẹ̀yìntì padà wá darí wọn, wọ́n sì na Oregon ní 47 sí 32. Lọ́dún 2025, Lane Kiffin fẹ́ gba iṣẹ́ LSU, kó sì tún darí Ole Miss títí dé òpin ìdíje. Àwọn ọ̀gá Ole Miss kò gbà. Pete Golding ló darí wọn, wọ́n sì na Georgia kó tó di pé Miami dá wọn dúró.

Irú ohun tí Ole Miss ṣe yìí ni Sípéènì ṣe lọ́dún 2018. Real Madrid kéde Julen Lopetegui lọ́jọ́ 12, oṣù kẹfà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n lé e, nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Pọ́túgà ku ọjọ́ méjì. Fernando Hierro gba iṣẹ́, Rọ́ṣíà sì fi pẹnárítì lé wọn sílé.

A kò lè purọ́ pé ìpààrọ̀ máa ń ba ikọ̀ jẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ivory Coast lé Jean-Louis Gasset nígbà tí ìdíje ṣì ń lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Emerse Faé igbákejì rẹ̀ gbà á, ó sì na Super Eagles wa ní 2 sí 1 ní àṣekágbá. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ni pé ará ilé ni Faé, ó mọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Onígbìndé àti Lagerbäck ní láti kọ́kọ́ mọ àwọn tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ ná.

Vahid Halilhodžić, ọmọ Bosnia, nìkan ni mo rí tí ìyà rẹ̀ ju ti Amodu lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lé e lẹ́yìn tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì: Ivory Coast lọ́dún 2010, Jàpáánù lọ́dún 2018, àti Morocco lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n òun tilẹ̀ rí ìgbà kan darí Algeria ní Brazil lọ́dún 2014. Amodu kú lóṣù kẹfà ọdún 2016, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ikú Keshi. Kò darí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ife ẹ̀yẹ àgbáyé kankan rí.