Ohùn Inú Ẹ̀rọ àti Ọmọ Tí Ń Kàwé

Irú ọmọ kan wà tí kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ A, ó mọ B; bí a bá na ọ̀pá sí ọ̀rọ̀ kan lára pátákó, yóò pè é. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìtàn olójú-ewé kan lé e lọ́wọ́, a máa kà á bí ẹni tí ń rìn lórí ẹ̀gún. Kí ó tó dé òpin gbólóhùn, ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olódo ni a ń pè é. Bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ṣe wá di olùrànlọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ní ìparí ọdún 1877 ni Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún sọ ọ́ jáde. Ní ọdún 1878 ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn North American Review, ó sì ka iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà lè ṣe: lẹ́tà kíkọ, ìwé tí a ó máa fi etí gbọ́, ẹ̀kọ́ kíkọ́, ẹ̀yìn wọn ni ó fi orin sí. Ayé kò gba tirẹ̀ rò, orin ni wọ́n sáré mú. Àwọn afọ́jú ni ó kọ́kọ́ jèrè ìwé alohùn, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1934, àti ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1935. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Philips sì gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 1963, ọmọdé pàápàá lè dá ohùn dúró, kí ó sì yí i padà sẹ́yìn.

Carol Chomsky, olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard, ni ó mú ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí a ń wí yìí. Nínú àròkọ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1976, ó ròyìn àwọn ọmọ márùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí wọ́n ti mọ ìró lẹ́tà ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà kò yá wọn lẹ́nu. Kò tún kọ́ wọn ní lẹ́tà mọ́. Ìwé ìtàn ni ó fún wọn, àti ohùn ẹni tí ó ka ìtàn náà sínú téèpù. Ọmọ yóò máa gbọ́, ojú rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú ìwé, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi kà á geere. Ìwé àkọ́kọ́ pẹ́ kí ó tó yọrí. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í bínú, kì í sì í fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. (Ẹni tí ó bá ti jókòó nílé-kéwú, tàbí tí ó rí ọmọ awo tí ń gbẹ́nu lé ẹsẹ Ifá tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀, kò ní rí èyí bí àjèjì.)

Ṣùgbọ́n ṣé ohùn náà ni ó ṣiṣẹ́ ni, tàbí àtúnkà lásán? Ní ọdún 1979, S. Jay Samuels ti Yunifásítì Minnesota kọ̀wé pé kí ọmọ máa tún àyọkà kúkúrú kà títí yóò fi ka ọ̀rọ̀ 85 ní ìṣẹ́jú kan; kò sọ ọ́ di dandan pé kí ohùn ẹlòmíràn ṣáájú. Sarah Dowhower fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn láàárín àwọn ọmọ kíláàsì kejì, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Ọ̀nà méjèèjì mú kí wọ́n yára, kí wọ́n sì lóye sí i. Àmọ́ ní ti ibi tí ó yẹ kí ohùn ti dúró, kí ó gòkè tàbí kí ó sọ̀, kíkà tẹ̀ lé téèpù ni ó ṣàǹfààní jù.

Lójú tèmi, èyí ju ìyára lọ, àgàgà fún àwa tí ohùn jẹ́ ìtumọ̀ fún. Ìwé tí a tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Bí ọmọ bá pàdé "ọkọ" nínú rẹ̀, ojú nìkan kò lè sọ fún un bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Bí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa bá ka irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ sínú fóònù, ọmọ náà yóò ti gbọ́ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn kí òun tó dá a kà.