Ojú Àgbàrá Nínú Agbo Ilé

Nígbà tí mo fi yàrá kan kún ilé bàbá mi, mo kọ́ ọ dí ojú àgbàrá. Àkọ́rọ̀ òjò sì wọlé tọ̀ wá. Àwọn baba ńlá wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú agbo ilé àtijọ́, òrùlé a dà sí àgbàlá, ìkòkò a gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ojú àgbàrá a sì gbé ìyókù jáde. Bí ẹbí bá pọ̀ sí i, wọn a kọ́ àgbàlá mìíràn mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, wọ́n tẹ́ àpáàdì sí àgbàlá. Ìtàn ní Ọọ̀ni Lúwòó, tí í ṣe obìnrin, ló pa á láṣẹ.

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó. Onílé ni kò ní gbà fún un. Èmi ni mo gbà fún tèmi.