Kí Ló Dé Tí Wọn Kì Í Jẹ́ Kí Ìbọn Ìṣeré Wọ Ọkọ̀ Òfúrufú?

Tí àsìkò ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí máa ń bi mí pé: kí ló kan àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú nínú ìbọn oníke tí ọmọ ọdún márùn-ún fi ń ṣeré? Ṣé ìbọn tí kò lè pa eṣinṣin náà ni wọ́n ń bẹ̀rù?

Ìdáhùn mi ni pé kì í ṣe ọta ni wọ́n ń bẹ̀rù, ojú tó máa rí i ni. Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí lójú òfúrufú kò ráyè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin ni àbí ike. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2016, àwọn ọkùnrin méjì já ọkọ̀ òfúrufú Afriqiyah kan gbà, tó ń ti Sabha lọ sí Tripoli ní Líbíà. Èèyàn 118 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ní bọ́ǹbù ọwọ́, ni awakọ̀ bá darí ọkọ̀ sí Malta. Ó tó wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn. Ìgbà tí wọ́n yẹ ohun ìjà wọn wò, ayédèrú ni!

Àwọn tó ti pẹ́ ní London á rántí oṣù Kẹjọ 1996, tí àwọn ará Iraq kan já ọkọ̀ Sudan Airways gbà láti Khartoum, tó jẹ́ Stansted ni wọ́n balẹ̀ sí. Bọ́ǹbù ọwọ́ irọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi dẹ́rù ba èrò.

Àwọn kan á ní, ṣebí wọ́n ti fi àwọ̀ ọsàn sí ẹnu ìbọn ọmọdé. Lóòótọ́, òfin Amẹ́ríkà ti ń béèrè àmì yẹn láti 1989. Àmọ́ ẹ̀rọ X-ray kò mọ ọ̀dà. Ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan ni àwọ̀ ojú ẹ̀rọ náà ń sọ: irin sábà máa ń yọ búlúù, ike àti oúnjẹ a yọ àwọ̀ ọsàn. Ìbọn ìṣeré onírin á yọ búlúù bí ojúlówó gẹ́lẹ́, tìdí tẹnu. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá láìnì dúró, ó sì lè pe ọlọ́pàá. Ọ̀daràn náà sì lè kun ojúlówó kó jọ tọmọdé.

Èyí tó dùn mí jù kò ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ rárá. Tamir Rice, ọmọ dúdú ọmọ ọdún 12, ń fi ayédèrú ìbọn ṣeré ní gbangba ní Cleveland ní oṣù Kọkànlá 2014. Àmì àwọ̀ ọsàn rẹ̀ ti kúrò. Ọlọ́pàá dé, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí wọ́n fi yìnbọn fún un, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọkùnrin nílùú òyìnbó, ẹ mọ ìdí tí mo fi mẹ́nu kàn án. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ pápákọ̀ náà.

Ní Amẹ́ríkà, TSA gbà kí ìbọn ìṣeré wà nínú ẹrù ńlá, kò gbà á nínú báàgì ọwọ́. Bọ́ǹbù ọwọ́ irọ́, wọn ò gbà á níbì kankan. Ìlànà European Union ti 2015 náà kò jẹ́ kí ìbọn ìṣeré tí èèyàn lè ṣì mú fún ojúlówó bá èrò wọlé. Ti Britain tún le jù: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2007, ó lòdì sófin láti kó ìbọn ìṣeré tó jọ ojúlówó wọ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀yin màmá àgbà, èyí dúdú tó ń dán tí ẹ rà fún ọmọ-ọmọ l'Ékòó, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ pupa tàbí yẹ́lò látòkè délẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin yẹn, àmọ́ inú ẹrù ńlá ni kó wà, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú yín.

Idà ijó àti oṣé Ṣàngó tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń kó lọ sí àjọ̀dún, inú ẹrù ńlá náà ni kí ẹ dì wọ́n sí. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tún tú báàgì ẹ̀yìn àwọn ọmọ wò, torí wọ́n máa ń ti ohun ìṣeré bọ ibẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ẹrù tán.